Aṣọ Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìtàn Aṣọ Àgbàlagbà àti Akándá Ẹ̀dá ní Ìbàdàn

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni òwe náà ń pè ní àkísà, ṣùgbọ́n bí a bá mú un bẹ́ẹ̀ láìtú u, ó tún jẹ́rìí sí ohun kan: àpótí aṣọ àgbàlagbà a máa kún. Ohun tí òwe náà kò mẹ́nu bà ni ara tí yóò wọ aṣọ ọ̀hún. Ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n kì í tètè rí ihò bọ́tìnnì. Èjìká tí làkúrègbé ti mú le kì í gbéra sókè tó kí ènìyàn lè ti orí wọ aṣọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá sì mú ní ìhà kan, aṣọ tí ó ti fi ogójì ọdún kó jọ lè di ohun tí yóò kàn máa fi ojú wò nínú àpótí.

Ní òkè òkun lónìí, rírán aṣọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀ka òwò tí ó dá dúró. Àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án. Kí a tó gba èyí gbọ́, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnkà àti ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, kí ni àwọn arúgbó àti àwọn akándá ẹ̀dá ń wọ̀ kí bọ́tìnnì àti síìpù tó dé?

Ìlú àgbà ni Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé àgọ́ ọmọ ogun ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé sì wà lára Ọjà'ba títí di òní. Ṣùgbọ́n ètò oyè tí àwọn ológun wọ̀nyí fi lélẹ̀ kò so mọ́ ìdílé ọba kan ṣoṣo. Mọ́gàjí ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà ni yóò máa gun àkàbà oyè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yálà ní ìlà Balógun tàbí ní ìlà Ọ̀tún, bí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti ń papò dà. Àkàbà náà gùn débi pé irun ti máa ń funfun kí ènìyàn tó dé òkè rẹ̀. Ọba Samuel Odùlànà, tí a bí ní 1914, di Olúbàdàn ní 2007. Ọba Rashidi Ládọjà pé ọmọ ọdún 81 ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ó tó gba adé ní Gbọ̀ngàn Màpó ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn náà ní 1929, aṣọ tí ó níyì jù tí ojú ń rí níbẹ̀, ara àgbà ni ó sábà máa ń wà. Ìlú tí ó bá gbé àgbà sí ipò tí ó ga jù lọ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìmúra àgbà kò kan òun.

Àwọn oníṣègùn náà ka aṣọ wíwọ̀ sí. Ní 1963 ni Sidney Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwọ̀n kan jáde tí a fi ń mọ bí arúgbó ṣe lè dá tọ́jú ara rẹ̀ tó. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń bèèrè: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, lílo ilé ìyàgbẹ́, dídìde kúrò lórí ibùsùn, kíkápá ìtọ̀ àti ìgbẹ́, àti jíjẹun. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lò nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003 lórí ọjọ́ ogbó láàrin àwọn Yorùbá. Nígbà tí ìyá arúgbó kan bá ń bá apá bùbá rẹ̀ jìjàkadì ní òwúrọ̀, òmìnira rẹ̀ ni ó ń jà fún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú aṣọ tí ó wà ní ìlú yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Samuel Johnson ni yóò tọ̀ lọ. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Kúdẹtì, ó sì ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ. Ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí kò sì jáde ní títẹ̀ títí di 1921, ya àyè sọ́tọ̀ fún aṣọ. Nínú rẹ̀ ni a ti rí oríṣiríṣi ṣòkòtò, kẹ̀ǹbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn ẹ̀wù ńlá bí agbádá àti dàńdógó. Kò sọ pé wọ́n rán èyíkéyìí nínú wọn fún aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá fi ojú aránṣọ wò wọ́n, kò sí èyí tí aláìsàn kò lè wọ̀ nínú wọn.

Ẹ wo kẹ̀ǹbẹ̀ ná. Ó fẹ̀ ní ìdí, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀, okùn sì ni a fi ń so ó mọ́ ìbàdí. Okùn kò mọ ẹni tí ó sanra yàtọ̀ sí ẹni tí ó rù. Ọkùnrin tí àìsàn bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán láàrin oṣù mẹ́ta yóò fa okùn náà le sí i. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú yóò dẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tí a di ọgbẹ́ rẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ láìfara gbún un. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìlú tí ó ja ogun Kìríjì láti 1877 ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọgbẹ́ kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Dàńṣíkí ńkọ́? Ihò apá rẹ̀ tóbi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Àwọn tí ó ń tọ́jú ẹni tí ìhà kan ara rẹ̀ rọ mọ òfin kan: apá tí ó rọ ni a ó kọ́kọ́ fi wọ aṣọ, kí a tó fi èyí tí ó dá wọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ bọ́ ọ, a ó yí i padà, apá tí ó dá ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ihò apá bá há, òfin náà kò ní ṣiṣẹ́, ìrora ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ̀lú dàńṣíkí, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é fún bàbá rẹ̀ àgbà.

Bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ fúnra rẹ̀ tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Aṣọ òfì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní aṣọ òkè, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti orí òfì bọ́, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bí ínǹsì mẹ́rin lọ. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń rán an pọ̀ kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Bí ara bá wá tóbi ju aṣọ lọ, a lè tú ojú ìránṣọ kan, kí a fi ẹyọ kan sí i, kí a sì rán an padà. Títí di òní ni ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn lókìkí fún aṣọ yìí, ní ìtàdógún-ìtàdógún tí wọ́n máa ń ná an. Ìránṣọ tí ó gba títú àti títún rán kò jẹ́ kí aṣọ bá ara kan ṣoṣo kú.

Ti àwọn obìnrin tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìró kì í fojú kan sákasà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí lára, ìdajì méjì ni wọ́n rán pọ̀ tí ó fi di odidi ìró. Ẹni tí ó bá wù ú lè ró o mọ́ ìdí, kí ó gbé e dé abẹ́ abíyá, tàbí kí ó fi bora. Obìnrin tí kò lè dìde lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ kan ni a ó yí i sí, a ó ti ìdajì ìró sí abẹ́ rẹ̀, a ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó sì fà á já. Ìró ti wọ ara rẹ̀ láìgbé e nílẹ̀. Lábẹ́ ìró ni tòbí wà, olókùn, tí ó ní àpò tí ìyá ọlọ́jà Ọjà'ba ń kó owó sí láìsí pé ó ń gbé àpò lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo fún ọ̀pá tàbí fún èjìká ọmọ tí ó ń mú un lọ. Fìlà abetí-ajá náà ní iṣẹ́ tí ó ju oge lọ: bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, arúgbó yóò fa etí rẹ̀ wálẹ̀ bo etí ara rẹ̀.

Ìtàn kan wà láti Èkó tí ó yẹ kí a sọ níhìn-ín, nítorí ó fi hàn pé aránṣọ Yorùbá mọ bí a ti ń fetí sí ara ẹni tí ó fẹ́ wọ aṣọ. Dókítà Ògúntọ́lá Sapará, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bìrìtìkó, ni a bí ní 1861. Òun ni ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀nná láti tú àṣírí bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ìwúwo agbádá ìbílẹ̀ sú u. Kò torí èyí padà sí kóòtù òyìnbó. Ó ní kí télọ̀ òun fi aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ rán agbádá mìíràn fún òun, ẹ̀dà náà sì tàn kálẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: sapará. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló wọ sapará tí kò mọ̀ pé ara àgbà tí ó kọ ẹrù ni ó bí i.

Kí ni ó wá yí padà? Nígbà tí David àti Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n sì kọ́lé sí Kúdẹtì, abẹ́rẹ́ lílò wà lára ohun tí àwọn ọmọbìnrin kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1899. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Gbági, kàkí àti ṣẹ́ẹ̀tì sì gba ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1913. Akọ̀wé, ọlọ́pàá, olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé di ẹni tí a ń fi aṣọ dá mọ̀. Aṣọ wọ̀nyí tẹ̀ lé ara pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ń béèrè ohun tí kẹ̀ǹbẹ̀ kò béèrè rí. Bọ́tìnnì kan péré ń fẹ́ ìka méjì tí yóò fún un pọ̀, ojú tí yóò rí ihò, àti ọwọ́ kejì tí yóò di aṣọ mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ lè fi bọ́tìnnì méje sọ òwúrọ̀ rẹ̀ di ọ̀sán.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù ti wọlé, ó sì yẹ kí a dúró lé e díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń wọ aṣọ kan náà. Aṣọ ẹbí ni, aṣọ ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí aṣọ ẹbí pa láṣẹ ni aṣọ fúnra rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Kò pàṣẹ bí a ó ṣe rán an. Ìyá àgbà yóò fi tirẹ̀ rán bùbá ńlá, ọmọ rẹ̀ yóò fi rán kaba, arọ yóò fi rán èyí tí ó bá ìjókòó rẹ̀ mu. Abuké yóò ní kí télọ̀ fi kún gígùn ẹ̀yìn rẹ̀, kí aṣọ má baà gbé sókè lẹ́yìn. Nínú àwòrán, gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi wọ́n pé kí ló dé tí ọrùn aṣọ yín kò bára mu. Yunifọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ pàṣẹ aṣọ, ó pàṣẹ ìránṣọ, ó tún ka iye bọ́tìnnì. Ọmọ tí kò lè há a ni a ń pè ní oníwà wúruwùru lórí ìlà ìpàdé òwúrọ̀.

Àwọn òyìnbó tí ó fún wa ní yunifọ́ọ̀mù pàápàá ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní àbùkù. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ní New York, Helen Cookman tí ó jẹ́ aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé ìtọ́jú tí Dókítà Howard Rusk dá sílẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí aṣọ àwọn akándá: aṣọ tí ó ṣí níwájú, èyí tí a fi nǹkan kún lábẹ́ abíyá kí ọ̀pá ìtìlẹ̀ má baà tètè gé e. Ní àkókò yẹn kan náà, ní 1955, ni George de Mestral ará Switzerland gba ẹ̀tọ́ lórí Velcro, lẹ́yìn tí ó ti wo bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá rẹ̀ nígbà tí ó lọ rìn nínú igbó. Ní ẹnu àìpẹ́ yìí, Mindy Scheier, ìyá kan ní Amẹ́ríkà, rí i tí ọmọkùnrin rẹ̀ tí iṣan ara rẹ̀ kò lágbára ń fẹ́ wọ jíìnsì lọ sí ilé-ìwé bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti inú ìyẹn ni àjọ Runway of Dreams ti jáde, tí ilé-iṣẹ́ Tommy Hilfiger sì fi gbé aṣọ ọmọdé tí a ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pa dé jáde ní 2016. Ẹ kíyè sí ohun tí ọmọ náà béèrè: kí òun rí bí àwọn yòókù. Ohun tí aṣọ ẹbí ń fún ni ní Bẹyẹrúnkà nìyẹn, láìsí mágínẹ́ẹ̀tì.

Síbẹ̀, àṣejù ni yóò jẹ́ bí a bá sọ pé àwọn baba wa ti yanjú gbogbo rẹ̀. Ìró rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé. Ẹni tí ó ní ọwọ́ kan kò lè ró o kí ó dúró, bí ó bá sì jókòó tí ó tún dìde, ó ti tú. Okùn ṣòkòtò náà ọwọ́ méjì ni ó ń fẹ́, kókó rẹ̀ sì máa ń le mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Apá agbádá a máa kó sínú táyà kẹ̀kẹ́ arọ. Àfín tí oòrùn ń jó ní awọ kò rí ààbò nínú dàńṣíkí tí kò lápá. Aṣọ alápá gígùn àti fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò ni ó yẹ ẹ́. Ní ti àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ di ẹni tí ń fi orúnkún rìn, ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe ń gé táyà ọkọ̀ dì mọ́ orúnkún tí wọ́n sì ń fi sálúbàtà bọ ọwọ́. Ọgbọ́n ara wọn ni, àwọn aránṣọ kò dá sí i. Ilẹ̀ Áfíríkà gba ìwé ẹ̀rí pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ní ẹ̀dà rẹ̀ ti inú igbó, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti mú kí ìgbà náà tó dé ń bẹ láàyè, wọ́n sì ń darúgbó lọ.

Àṣà wa tún gbára lé ènìyàn púpọ̀. Ènìyàn laṣọ mi, ni Yorùbá ń wí, ní agbo ilé ńlá ìgbàanì kò sì ṣòro láti rí ọmọ tàbí ìyàwó ilé tí yóò bá àgbà so okùn. Lónìí, ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá nìkan ni ó kù ní iyàrá kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Ìtìjú sì wà níbẹ̀: ta ni ó yẹ kí ó bọ́ aṣọ fún ìyá tí ọmọkùnrin nìkan ni ó bí? Aṣọ tí ìyá lè dá wọ̀ fúnra rẹ̀ a máa gbà á lọ́wọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Láìpariwo, àwọn télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Rọ́bà ti gba ipò okùn nínú ọ̀pọ̀ ṣòkòtò. Ìró tí a ti rán okùn mọ́ wà, gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tí a kàn ń dé bí fìlà sì pọ̀ lọ́jà. Oge àti ìkánjú ni wọ́n fi ń ta á, ṣùgbọ́n obìnrin tí apá rẹ̀ kò lè dé orí mọ ohun tí ó rà. Ní 2012 ni Ilé Ìwòsàn UCH ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akándá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà di òfin ní 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Àkókò náà ti kọjá. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lè gba kẹ̀kẹ́ arọ wọlé báyìí, kí ìwé ìlànà yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan náà má sì gba rọ́bà ní ìdí ṣòkòtò. Ọ̀gá ilé-ìwé kò nílò òfin ìjọba kankan kí ó tó yí ìyẹn padà; aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà, kí a rán an bí ara ọmọ bá ṣe gbà.

Iṣẹ́ díẹ̀ ni ó kù sí ọwọ́ télọ̀ náà. Ìnàró ni gbogbo wọn ti ń wọn ènìyàn láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju iwájú lọ, kí ìdí má baà hàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i, nítorí ṣòkòtò máa ń gbéra nígbà tí orúnkún bá ká. Àpò ẹ̀yìn kò wúlò fún un, ó tún lè dá egbò sí i lára. Télọ̀ kan ní Ọjà'ba tí ó bá fẹ́ mọ gbogbo èyí, kí ó jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ dúró sórí àga tí ó bá wá, kí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì wọ̀n ọ́n ní ìjókòó.